Ọkọ̀ Pápá, Ọkọ̀ Títì

Ní Upper Marlboro, tí kò jìnnà sí Springdale wa yìí, pápá ìfọkọ̀sáré kan wà láti 1952 títí di 1969: Marlboro Motor Raceway. Láyé ìgbà náà, ní 1957, ni Colin Chapman gbé Lotus Seven jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ náà fúyẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì kékeré tó o. Olówó rẹ̀ lè wà á lọ sí pápá, kí ó fi sáré, kí ó sì wà á padà sílé. Mazda MX-5 ti 1989 jogún èrò yìí, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó Seven méjì, nítorí títì ni wọ́n ṣe é fún.

Èwo ni kí ọ̀dọ́ yàn? Ohun tó yẹ ni ó yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọkọ̀ pápá le koko lójú títì, ààbò rẹ̀ sì kéré.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń sáré ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2008, ní Accokeek, ní Prince George's yìí kan náà, ọkọ̀ kan ya wọ àárín àwọn tó ń wo eré ìje lójú títì. Èèyàn 8 ló kú.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn eré, ọkọ̀ títì ni kí ẹ rà fún un. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sáré ní pápá Summit Point, ní West Virginia.