Ológò

Láyé àtijọ́, ológò ni ẹni tí olówó máa ń bẹ̀ níṣẹ́ láti lọ dógò ti onígbèsè. Samuel Johnson ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ: á ya wọlé onígbèsè, á jókòó pa, á máa bú onígbèsè àti ará ilé rẹ̀, á sì máa mú adìyẹ àti ewúrẹ́ agbo ilé pa jẹ títí owó yóò fi jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣèwádìí kóòtù gbèsè kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, á rí i pé ìwé ló rọ́pò ológò. Olówó á kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó rẹ̀ kó tó gba fọ́ọ̀mù ìpẹ̀jọ́; ọjọ́ 60 ni wọ́n ní kí ẹjọ́ fi parí. Akódà tó ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ kiri jọ ológò díẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan adìyẹ ẹnikẹ́ni.