Ògù àti Àwórì ní Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì: Bí Ọrọ̀ Ṣe Ṣí Kúrò Lọ́dọ̀ Ọ̀kan Lọ Sọ́dọ̀ Èkejì

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Mile 2, tó forí lé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀yà méjì ni yóò là kọjá. Láti Àmùwò títí dé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Ìjànikin, ilẹ̀ Àwórì ni. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ Àgbádárìgì, èdè ọjà a bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹnu àwọn ìyá ẹlẹ́ja a kún fún èdè Ògù, àwọn ènìyàn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Kò sí odi kankan láàrin wọn. Àwọn Àwórì wà káàkiri agbègbè Àgbádárìgì, àwọn Ògù náà sì ti ń gbé láàrin Àwórì láti ayébáyé, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń pẹja nínú ọ̀sà kan náà. Síbẹ̀, bí ayé ṣe rí fún ẹ̀yà kìn-ín-ní kọ́ ló ṣe rí fún èkejì. Ilé iṣẹ́, ọjà ńlá, yunifásítì àti ilé gbígbé ìgbàlódé pọ̀ sí apá Àwórì. Ní apá Ògù, ẹja, àgbọn, gàrí àti òwò ẹnubodè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń jẹun.

Àwọn kan a máa fi ìwà ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n á ní Ẹ̀gùn kò fẹ́ràn ìlọsíwájú, pé wọ́n rọ̀ mọ́ òrìṣà àti odò jù. Ìtàn kò gbè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rárá. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Àgbádárìgì ni gbogbo ayé ń wò ní etí òkun yìí, tí àwọn abúlé Àwórì sì jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ojú omi kàn ń gbà kọjá. Ó yẹ kí a wo bí ọ̀ràn náà ṣe yí padà.

Àwórì jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá. Ìtàn àbáláyé wọn sọ pé Ògúnfúnmínírè ló tẹ̀lé àwo kan tó ń léfòó lórí omi láti òkè wá, pé ibi tí àwo náà ti rì ni wọ́n fi ń pe orúkọ wọn. Ìṣẹ̀rì ni wọ́n tẹ̀dó sí, kí wọ́n tó tàn kálẹ̀ dé Èkó, Ọ̀tà, Ọ̀jọ́, Ìbà àti àwọn erékùṣù inú ọ̀sà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja pípa ni iṣẹ́ wọn.

Ibòmíràn ni Ògù ti wá. Èdè wọn bá ti Fọn àti Ajá tan ju bí ó ṣe bá Yorùbá tan lọ. Ní ọdún 1724, ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Àlàdà. Ní ọdún 1727, ó gba ilẹ̀ Ouidah. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun wọ̀nyí lé kúrò nílé gba ojú ọ̀sà wá sí ìhà ìlà oòrùn. Àwọn kan dúró ní Àjàṣẹ́, tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo, àwọn mìíràn sì bá àwọn tó ti wà ní Àgbádárìgì kún ìlú náà. Ìdí nìyí tí Àgbádárìgì fi jẹ́ ìlú aládùúgbò mẹ́jọ, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀: Akran ní Jẹ́gbà, Wawu ní Ahovikoh, Mobee ní Boekoh, Posu ní Posukoh àti àwọn yòókù wọn. Ìlú àwọn tí ogun lé ni. Ìṣọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀.

Òwò ẹrú ló sọ ìlú yìí di olówó. Láti nǹkan bí ọdún 1730 sókè, àwọn oníṣòwò òyìnbó ń bá àwọn olórí àdúgbò dòwò pọ̀, wọ́n sì ń kó ènìyàn gba erékùṣù Gberefu lọ sí ojú òkun. Ó yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò: ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi gbé ọrọ̀ náà rù. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ni, agbára sì bá a wá. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Adélé kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní nǹkan bí ọdún 1821, Àgbádárìgì ló sá lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọdún 1835 tó padà sórí oyè. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè ní ọdún 1845, Àgbádárìgì náà ni òun pẹ̀lú ti wá ààbò nígbẹ̀yìn. Ọba Èkó ni ó ń wá ibi ìsádi lọ́dọ̀ Ògù nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Sierra Leone, àwọn oníwàásù sì tẹ̀lé wọn. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Abẹ́ igi àgíá ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere fún ará ìlú. Ní ọdún 1845, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó di àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àjàyí Crowther náà gbé ní ìlú yìí kí ó tó gba Abẹ́òkúta lọ. Ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rí ìwé ni yóò jẹ èrè ìwé jù, àwọn ọmọ Ògù ni ìbá ṣíwájú gbogbo wa.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí babaláwo fi ń difá ọrọọrún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1851, ogun Kòsọ́kọ́ dé Àgbádárìgì, iná sì jó púpọ̀ nínú ìlú náà. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Àlàáfíà Èkó ni ó di ìṣubú Àgbádárìgì. Èkó ní ẹnu ọ̀nà láti inú ọ̀sà bọ́ sójú òkun; Àgbádárìgì kò ní i. Láti ọdún 1852 ni àwọn oníṣòwò, àwọn Sàró àti àwọn oníwàásù ti ń kó ẹrù wọn lọ sí Èkó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ó sì fi Àgbádárìgì kún un ní ọdún 1863. Ìlú tí ọba Èkó ti wá ààbò lọ di ìlú tí Èkó ń ṣàkóso.

Ìyà kejì wá láti orí tábìlì àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà. Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà lọ́hùn-ún, àbúrò wà níhìn-ín. Ọ̀kan ń kọ́ èdè Faransé, èkejì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọjà tí obìnrin kan máa ń gbé sínú ọkọ̀ ojú omi láti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ohun tí aṣọ́bodè ń béèrè owó lé lórí. Òwò tí baba ńlá wọn ń ṣe ní ọ̀sán gangan, òfin ìjọba sọ ọ́ di fàyàwọ́. Àwórì kò rí irú èyí. Gbogbo ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ ìjọba kan, ojú gbogbo wọn sì kọ sí ìlú kan náà tó ń dàgbà lójoojúmọ́, ìyẹn Èkó.

Nígbà tí Àgbádárìgì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, Ògù kan dé ipò gíga: Ọba C. D. Akran, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Títí di òní, òpópónà Ọba Akran ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn títì tó gbajúmọ̀ jù lọ láàrin àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i díẹ̀. Orúkọ ọba Ògù wà lára títì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àwórì ni títì náà wà, ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ sì wà. Ìkẹjà súnmọ́ Èkó, ó súnmọ́ ojú irin, ó sì súnmọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú. Àgbádárìgì kò ní ọ̀kan nínú wọn.

Láàrin ọdún 1970 sí 1980 ni ọ̀nà márosẹ̀ dé, tí ìrìn àjò Èkó sí Àgbádárìgì kò fi jẹ́ ti ojú omi mọ́. Ó yẹ kí ọ̀nà yìí jẹ́ ìgbàlà fún Ògù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ohun tó bá ọ̀nà wá dúró sí. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975 lọ́nà Ọ̀jọ́. Ìlú Festac dìde fún àjọ̀dún ọdún 1977. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ibi ìpàtẹ ọjà àgbáyé. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983. Ọjà Alábà di ibi tí gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ń ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wọn, ilẹ̀ Àwórì ni. Ìlọsíwájú gba ojú ọ̀nà náà bọ̀, ó sì jókòó ní ìdajì ọ̀nà.

Ṣé ohun tí a ń sọ ni pé Àwórì ń jẹ̀gbádùn? Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ilẹ̀ tí ènìyàn bá tà, kì í tún padà wá. Ìjọba gba ilẹ̀ púpọ̀ fún àwọn iṣẹ́ tí a kà sókè wọ̀nyí, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi àkóso gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìdílé ń pe ìdílé lẹ́jọ́. Ìjà ajagungbalẹ̀ gbilẹ̀ débi pé ìjọba Èkó ṣe òfin ní ọdún 2016 láti dá a lẹ́kun. Lónìí, àwọn àlejò pọ̀ ju onílẹ̀ lọ ní Ọ̀jọ́ àti Àmùwò, ọ̀pọ̀ ọmọ Àwórì kò sì ní oko tí wọ́n lè dá mọ́. Àwọn kan fi owó ilẹ̀ rán ọmọ níwèé, wọ́n sì kọ́lé tí wọ́n ń gbowó rẹ̀. Àwọn mìíràn fi í ṣe ìnáwó, ó tán.

Níbi tí Àwórì ti yọ jù ni èdè. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan nílé ìwé. Inú wa dùn sí i, ó sì yẹ kó dùn. Àmọ́ fún ọmọ Ògù, èdè ilé kọ́ nìyẹn. Èdè méjì tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́ kí ó tó ka ohunkóhun, èdè tirẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìdánwò. Ohun tí à ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà lé lórí ni a ń fi ṣe Ògù. Àwa kan náà la tún ń fi orúkọ Ẹ̀gùn ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn mìíràn nínú wọn fi ń fi orúkọ Yorùbá bo ara wọn mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wáṣẹ́.

Àwọn Ògù tó wá ibùgbé lọ sí inú Èkó gan-an kò rí ìtura. Ní Otodo Gbame lẹ́bàá Lẹ́kkí, ìlú àwọn apẹja tó jẹ́ Ògù, wọ́n wó ilé láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2017. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 ènìyàn tí wọ́n ní ó di aláìnílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn náà ta ko òfin ilẹ̀ wa. Ìdájọ́ náà wà, ìlú náà kò sí mọ́. Ní ẹnubodè, ìjọba àpapọ̀ ti Sẹ̀mẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tí kò ní ilé iṣẹ́, tí kò ní ọjà ńlá, tí a tún wá ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ní mọ́ ọn, báwo ni yóò ṣe jẹun?

Ní báyìí, ojú ti ń ṣí sí ilẹ̀ Àgbádárìgì. Ilẹ̀ ti wọ́n ní Ọ̀jọ́, àwọn olówó sì ń gba ọ̀nà náà lọ síwájú. Ọ̀rọ̀ èbúté ńlá ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi tí wọ́n ṣètò pé ojú irin aláwọ̀ búlúù yóò parí sí ni Okokomáíkò, láì dé Àgbádárìgì. Bí ìlọsíwájú bá ti ń bọ̀ wá bá Ògù, ìrírí Àwórì ni kí wọ́n fi ṣe àríkọ́gbọ́n: kí ìdílé má ta gbogbo ilẹ̀ tán nítorí owó ọdún kan, kí wọ́n yá a lò dípò títà, kí ìwé rẹ̀ sì pé kí àlejò tó dé.

Ti ìjọba ni kí ọ̀nà náà dé òpin rẹ̀, kí àgbọn tó ń kúrò ní Àgbádárìgì ní tútù di òróró níbẹ̀, kí ilé ìwé etí ọ̀sà sì ní olùkọ́ tó gbọ́ Ògù. Tiwa Yorùbá kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ìlú tó gba Adélé àti Akíntóyè sílé nígbà tí ilé wọn kọ̀ wọ́n, ó tó ẹni tí a ń fi orúkọ tó ń jẹ́ gan-an pè.