Kí ni alágbàtà mọ́tò ń ṣe fún ẹni tó ń rà á?

1/ Ẹ̀yin ará, àríyànjiyàn tí kì í tán ní Malu Road wa nìyí: ṣé alágbàtà mọ́tò wúlò, àbí ó kàn ń jẹ lórí wa? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

2/ Ní 1975, Volkswagen ń to mọ́tò ní Òjó, Peugeot ń tò ó ní Kàdúná. Mandilas ń ta ti Volkswagen, SCOA ń ta ti Peugeot. Tó bá yọnu, ẹ mọ ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ máa kàn.

3/ SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun di àwòmọ́jú. Èyí tí òyìnbó ti lò ló wá ń gba Àpápá, Tin Can àti Kùtọnu wọlé. A sọ ọ́ lórúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun: Tòkunbọ̀.

4/ Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mẹkáníìkì lè yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Tí wọn ò bá san owó aṣọ́bodè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì. Láti January 2017 tí ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ewu ti Kùtọnu tún le sí i.

5/ Lójú tèmi, ìdúró ni èrè alágbàtà yẹ kó rà fún wa: ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣí kiri, orúkọ lórí rìsíìtì, ìwé tí a yẹ̀ wò ká tó sanwó. Èyí tí kò lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ló wá ń gbowó lé lórí?