Ọkọ̀ hybrid: ìlérí nìkan kò tó lẹ́nu àwọn tó ń ṣe mọ́tò

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Toyota kéde nínú oṣù kọkànlá, ọdún 2023, pé gbogbo Camry tuntun tí àwọn yóò máa tà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2025, yóò jẹ́ hybrid, ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa ni kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ kan bá wà tí àwa mọ̀ bí ẹni mowó, Camry ni. Èyí tí wọ́n bá tà ní tuntun lọ́hùn-ún lónìí ni yóò gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó àti Kútọnu ní tòkunbọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò bá pinnu láti ṣe, tàbí èyí tí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe, ọ̀rọ̀ àpò tiwa náà ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní hybrid gan-an? Ọkọ̀ tó ń lo agbára méjì pọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀, bátìrì ńlá kan ló sì ń fún un ní iná. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, tàbí tó bá ń rọra yí, iná ló sábà máa ń gbé e. Bó bá di eré sísá tàbí òkè gígùn, epo á bọ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì epo á kú fúnra rẹ̀, kò ní máa jó epo lásán. Ti bíréèkì ló tún wá wúni lórí jù. Nínú ọkọ̀ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí epo ti fún ọkọ̀ náà yóò di ooru, yóò sì ṣòfò. Nínú hybrid, ẹ́ńjìnnì oníná yóò gba púpọ̀ nínú agbára ọ̀hún, yóò sọ ọ́ di iná, yóò sì dá a padà sínú bátìrì. Òótọ́ ni pé irú kan wà tí wọ́n máa ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná nílé, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù kò nílò ìyẹn rárá. Ibi tí iná ìjọba bá ti ń ṣe ségesège, àǹfààní ńlá nìyẹn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Camry LE ti ọdún 2024 tó jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, tí kì í ṣe hybrid, máìlì 28 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé ó ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan láàárín ìgboro. Camry LE ti ọdún 2025, tó jẹ́ hybrid, ń rin máìlì 53. Bí a bá yí i sí ìwọ̀n tiwa, èkíní ń rin nǹkan bíi kìlómítà 12 lórí lítà kan, èkejì sì ń rin kìlómítà tó lé ní 22. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, àlàfo náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: máìlì 39 sí 50 ni. Inú ìgboro, níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn tó ń dúró, ni èrè hybrid wà, ẹni tó bá sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yóò tètè lóye èyí. Awakọ̀ tó ń rin kìlómítà 60 lójúmọ́ nínú ìgboro yóò jó lítà 5 pẹ̀lú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Pẹ̀lú ìkejì, kò ní pé lítà 3. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó sì ń tú èéfín carbon dioxide tó tó kìlógíráàmù 2.3 sí ojú ọ̀run.

Kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ fún wa pé lítà méjì kì í ṣe nǹkan kékeré mọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà l'Ékòó fò dé ìtòsí 500 náírà, kò sì padà sí iye ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí ọkọ̀ yìí bá wá dára tó báyìí, èéṣe tí wọn kò fi kún ìgboro láti ọjọ́ pípẹ́? Kì í ṣe pé ìmọ̀ ló pẹ́ dé. Oṣù kejìlá, ọdún 1997, ni Toyota ti gbé Prius jáde fún títà ní Jàpáànù. Oṣù kejìlá, ọdún 1999, ni Honda gbé Insight wọ Amẹ́ríkà, Prius sì tẹ̀lé e lọ́dún 2000. Ṣùgbọ́n jíípù ràgàjì-ràgàjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà gbájú mọ́ nígbà náà, nítorí pé èrè orí rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ Ford ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2005, àwọn jíípù òun yóò fi ìdá 25 nínú 100 rìn jìnnà sí i lórí gálọ́ọ̀nù kan. Lọ́dún 2003, ó ní ìlérí náà kò ní lè ṣẹ mọ́. Ẹ má jẹ́ ká yí òótọ́ mọ́lẹ̀: lọ́dún 2004, Ford kan náà ló ṣe Escape, jíípù hybrid àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún 2005, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Bill Ford, tún sọ pé tó bá fi máa di ọdún 2010, àwọn yóò lè máa ṣe hybrid 250,000 lọ́dọọdún. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi yí ohùn padà. Ẹnu dùn ún ròfọ́ lọ̀rọ̀ náà.

Òfin náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, tí ìlà gígùn sì wà nílé epo, ojú àwọn aṣòfin wọn là. Lọ́dún 1975, wọ́n ṣòfin tó là á kalẹ̀ pé ìpíndọ́gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ dé máìlì 27.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan tó bá fi máa di ọdún 1985. Òfin náà so èso, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ kó sùn: láti ọdún 1990 títí dé ọdún 2010, òṣùwọ̀n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò kúrò lórí 27.5 yẹn. Ìlànà tó rọ̀ ju ìyẹn lọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n jíípù, àlàfo yìí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí jíípù gbilẹ̀. Ọdún 2007 ni Ààrẹ George W. Bush tó fọwọ́ sí òfin tuntun, pé kí ìpíndọ́gba dé máìlì 35 lọ́dún 2020. Nínú oṣù keje, ọdún 2025, òfin mìíràn sọ owó ìtanràn fún ilé-iṣẹ́ tó bá rú òfin náà di òdo. Òfin tí kò ní ìjìyà, ìmọ̀ràn lásán ni.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò máa ń wí pé àwọn olùrà ni kò bèèrè fún hybrid. Ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, mọ èsì tí wọ́n fún wọn. Lọ́dún 2006, wọ́n dá ìpolongo kan sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, tí àwọn ìlú àti ilé-iṣẹ́ mànàmáná fi ń fọwọ́ sí ìwé pé bí wọ́n bá ṣe hybrid oníwáyà jáde, àwọn yóò rà á fún iṣẹ́ ìjọba. Wọn kò kàn bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi hàn pé owó wà nílẹ̀. Nígbà tí gálọ́ọ̀nù epo sì kọjá dọ́là mẹ́rin ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, ojú olùrà kúrò lára jíípù. Ọdún yẹn náà ni iye Prius tí wọ́n tà kọjá mílíọ̀nù kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, ọdún 2017, gbogbo hybrid tí Toyota ti tà ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Òfin, iye owó epo àti ohùn olùrà ló ń ti mọ́tò síwájú, kì í ṣe ìlérí.

Kí ni ó wá yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ wọn? Èkíní, kí wọ́n fi hybrid sínú ọkọ̀ kékeré tí owó rẹ̀ kò ga, kó má jẹ́ ọkọ̀ olówó nìkan ni yóò máa dín epo kù. Èkejì, kí wọ́n máa kéde lọ́dọọdún iye tí wọ́n ṣèlérí àti iye tí wọ́n ṣe. Ẹ̀kẹta, èyí tó kàn wá jù, ni kí wọ́n ṣí ìmọ̀ àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn mekáníìkì ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n sì jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ wà ní iye tí apá ká. Tòkunbọ̀ hybrid tí bátìrì rẹ̀ ti gbó lè jẹ gbogbo owó tí ẹni tó rà á fi pamọ́ lórí epo. Iná inú bátìrì Prius sì lé ní 200 volts. Ó lè pa ènìyàn. Mekáníìkì tí wọn kò kọ́ ní iṣẹ́ ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba, tí wọ́n ń ra mọ́tò tuntun, tí wọ́n sì ń dìbò, ni ohùn wọn lè tètè dé etí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó sanwó. Mọ́tò tí wọ́n bá yàn lónìí ni àwọn ará ilé yóò máa bu epo sí lọ́la.