Hassan Fathy: Ayàwòrán-Ilé tí Amọ̀ Kò Dójú Tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wá sọ́kàn ẹni tí ó bá ń ka ìtàn Hassan Fathy, ayàwòrán-ilé ọmọ orílẹ̀-èdè Íjíbítì, ẹni tí ó fi amọ̀ kọ́ abúlé tí ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní kí ó kọ́ ọ fún kọ̀ láti kó wọ inú rẹ̀.

Ìlú Alexandria ni a bí Fathy sí ní ọdún 1900, sínú ìdílé ọlọ́rọ̀. Ní 1926, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ilé yíyà ní Cairo. Nígbà tí ó di 1930, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú náà, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí títí di 1946, kí ó tó tún padà sí i láti 1953 dé 1957. Ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lọ ni ipò àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀, tí ilé tí wọ́n ń gbé kò ṣeé fojú rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé sìmẹ́ǹtì àti irin nìkan ni ó lè yí ìgbé ayé wọn padà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ni ó lówó tí yóò fi ra sìmẹ́ǹtì? Fathy wolẹ̀, ó rí amọ̀. Amọ̀ kò lówó lórí, àwọn baba ńlá àwọn àgbẹ̀ náà sì ti ń fi í ṣe bíríkì láti ìgbà àwọn Fáráò.

Ìṣòro ńlá tí ó kù ni òrùlé. Ògiri amọ̀ rọrùn láti mọ, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé, igi sì ṣọ̀wọ́n ní Íjíbítì. Ogun Àgbáyé Kejì tún wá dá kún un, nítorí igi òkè òkun kò wọlé mọ́. Fathy gbìyànjú láti fi bíríkì amọ̀ ṣe òrùlé tí ó tẹ̀ bí ọrun, láìlo igi rárá, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń wó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sọ fún un pé àwọn ará Nubia ní gúúsù mọ ọgbọ́n náà. Ní 1941, ó gba agbègbè Aswan lọ, ó sì bá odindi abúlé tí ó kún fún ohun tí ó ti ń wá kiri.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ògiri ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbé ga ju àwọn ìyókù lọ. Wọn a fi amọ̀ ya ọrun sí i lára, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to bíríkì pẹlẹbẹ, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè fara ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Koríko gbígbẹ pọ̀ nínú bíríkì náà kí ó lè fúyẹ́, wọ́n sì máa ń fi ìka fa ilà sí i lójú kí amọ̀ lè mú un dáadáa. Kò sí pákó kankan tí ó gbé e ró. Fathy, olùkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wá di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà abúlé.

Ní 1945, iṣẹ́ ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní òdìkejì odò Náílì sí ìlú Luxor, àwọn ará abúlé Gourna kọ́lé sórí ibojì àwọn ìjòyè àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jẹun nínú títa ohun tí wọ́n bá hú níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn olè gé iṣẹ́ ọnà kan kúrò lára àpáta ibojì, ìjọba pinnu pé kí gbogbo abúlé náà ṣí kúrò. Ilé ìdílé bíi 900 ni Fathy níláti kọ́. Ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ilé-ẹ̀kọ́, ọjà àti gbọ̀ngàn eré. Kò fẹ́ kí gbogbo ilé rí bákan náà; ó ní ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ sí bí ilé rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ìpinnu tí ó ṣáájú èyí, ìjọba ti dá a ṣe: pé kí wọ́n kó kúrò. Oúnjẹ òòjọ́ wọn wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé wọn. Bí wọ́n bá lọ, kí ni wọn yóò máa jẹ? Fathy kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn kan da ẹbè tí ó sé omi lu kí omi lè ya wọ abúlé tuntun náà. Ìdádúró láti ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú kò jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ní 1948, iṣẹ́ dúró, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì parí nínú ilé tí wọ́n gbèrò láti kọ́.

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè sọ pé amọ̀ ni ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, wọ́n kọ́ àwọn ilé kékeré kan fún àyẹ̀wò ní Cairo. Nínú èyí tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́, ooru kò kúrò láàárín 21 sí 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tọ̀sán-tòru. Nínú èyí tí wọ́n fi kọnkéré kọ́, ó tó 36, ó sì gbóná ju ìta gbangba lọ. Ẹni tí ó bá ti sùn sábẹ́ páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò nílò àlàyé.

Ìwé tí Fathy kọ nípa Gourna jáde ní Cairo ní 1969. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973, ó di ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ń kà káàkiri ayé. Ní 1980, ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood àti ẹ̀bùn pàtàkì kan láti ọwọ́ Aga Khan. Nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó kó àwọn bíríkìlà Nubia lẹ́yìn lọ sí New Mexico ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ọgbọ́n kan náà kọ́ mọ́ṣáláṣí síbẹ̀. Ó kú ní 1989.

Ọ̀rọ̀ Gourna kò tán síbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2006, ìjọba gbé katakata lọ sí abúlé àtijọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Ohun tí àlàyé àti ilé tí ó lẹ́wà kò lè ṣe, irin ni ó ṣe é. Ní abúlé tuntun, ọ̀pọ̀ nínú ilé amọ̀ Fathy ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ṣì dúró. Kí àwọn tí ń ṣètò ilé fún mẹ̀kúnnù lónìí wo ìtàn yìí dáadáa. Fathy ti fi hàn wá pé a lè kọ́ ilé tí ó tura láìná owó gọbọi. Ẹ̀kọ́ kejì, àwọn ará Gourna ni ó kọ́ wa: kí a tó bèèrè irú ilé tí ènìyàn fẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ó fẹ́ gbé.