Èdè wo lọmọ Bàríga fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nílé-ìwé?

1/ Ẹ bá mi dúró díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba Bájuláyé kọjá ní Ṣómólú, tẹ́ ẹ sì rìn wọ Bàríga ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, orin ìyìn lẹ máa gbọ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan dé èkejì. Ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, tíṣà ń gbàdúrà. Ó dáa. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ìtàn bó ṣe dé bẹ̀ rèé.

2/ Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ní January 1845, àwọn CMS náà dé: Townsend, Gollmer àti Samuel Ajayi Crowther. Láyé ìgbà yẹn, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, Táyé òun Kẹ́hìndé ni wọ́n. Ọmọ tó bá ń kọ́ ABD, ó ń kọ́ ìgbàgbọ́ nìyẹn.

3/ Crowther yìí gan-an, ẹ wò ó dáadáa. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn, ọmọdé ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní Sàró, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Síbẹ̀, nígbà tó di àlùfáà, kí ló ṣe? Ní ọjọ́ 9 January 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Àwọn tí wọ́n já gbà nínú ọkọ̀ ẹrú ló wá jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá wọn. Ọkùnrin náà mọ nǹkan tó ń ṣe.

4/ Ó wá di 1853. Obìnrin òyìnbó kan, Anna Hinderer, bá ọkọ rẹ̀ David dé Ìbàdàn. Àwọn òbí ò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún àjèjì? Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ ló fi ọmọ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Báyìí ni ilé-ìwé Kúdẹtì ṣe gbéra.

5/ Ohun tó jọ mí lójú nípa obìnrin yìí ni pé ó kọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń gbàdúrà. Nígbà tí ogun Ìjàyè dé ní 1860, tí ọ̀nà dí, tí owó ò wọlé mọ́, òun àtàwọn ọmọ náà ló jọ fara da ebi, ó ń ta ẹrù ilé kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ọmọdé ń wo gbogbo ìyẹn. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni, tíṣà ò sì kọ ọ́ sójú pátákó.

6/ Àmọ́ ká má purọ́, kì í ṣe oyin nìkan. Ilé-ìwé míṣọ́nnárì máa ń kọ́ ọmọ láti fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí bàbá rẹ̀ ń bọ, ó sì máa ń fún un lórúkọ òyìnbó. Ìyẹn náà bí ìjà. Ní 1894, pásítọ̀ kan nílùú Èkó tó ń jẹ́ David Brown Vincent bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbebí. Ó ṣì ń wàásù Jésù lọ. Ṣé ẹ rí i? Kò rí ìdí tí ìgbàgbọ́ fi gbọ́dọ̀ gba èdè àti orúkọ lọ́wọ́ èèyàn.

7/ Kí ló wá yí nǹkan padà? Owó. Lọ́dún 1882, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan tó kan Èkó. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ owó ìrànwọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi kọ́ ọmọ. Yorùbá ò ní ìdíyelé kankan nínú ẹ̀. Àwọn CMS tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ wá há sáàárín. Ó yani lẹ́nu, torí ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1884, ni odindi Bíbélì Yorùbá parí.

8/ Àwọn òbí náà ti ń fojú sí ibi tí iṣẹ́ wà. CMS Grammar School, tí T. B. Macaulay, àna Crowther, dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ akọ̀wé ti jáde. Sẹ́kọ́ńdírì ni lóòótọ́, àmọ́ ó kàn wá: 1959 ló kó wá sí Bàríga, ibẹ̀ ló sì wà dòní.

9/ Nígbà yẹn, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ṣómólú wà, kì í ṣe abẹ́ olú-ìlú Èkó. Nítorí náà, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti January 1955 dé ibẹ̀. Ní ẹkùn náà, iye ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí 457,000 lọ́dún 1954 dé 811,000 lọ́dún 1955. Àwọn ìjọ ló ṣì ń darí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé náà, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀.

10/ Ẹ̀rí wà pé ọgbọ́n ni. Lọ́dún 1970, Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lásán láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

11/ Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní March 1980, ìjọba Jákàńdè tún ní òun máa fòpin sí ilé-ìwé aládàáni l'Ékòó. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì, Anthony Okogie, àtàwọn míì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 1981, ilé ẹjọ́ ní ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ló la ọ̀nà fún gbogbo bọ́ọ̀dù ilé-ìwé tẹ́ ẹ̀ ń rí ládùúgbò wa.

12/ Nígbà tí ìjọba Èkó ka ilé-ìwé aládàáni ní 2010 sí 2011, ó lé ní 12,000. Onígbàgbọ́ ló ni ọ̀pọ̀ wọn. Kí lòbí sì ń sanwó fún? Ẹ̀kọ́ Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì lákọ̀ọ́kọ́. Òfin 1882 ti kú, ọgbọ́n orí ẹ̀ ò kú.

13/ Mo lọ sí ọ̀kan nínú wọn ní Bàríga, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tó o bá sọ Yorùbá, wọ́n á kọ orúkọ ẹ sílẹ̀, o máa sanwó ìtanràn tàbí kó o jẹgba. Àárọ̀ kan náà, a ó ti ka Sáàmù 23 lọ́yìnbó bí ayékòótọ́, kò sẹ́ni tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. Ìyá àgbà mi ló ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀ nílé, tó bá mi kà á. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù òkùnkùn tó máa ń bà mí lóru fi mí sílẹ̀.

14/ Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: "Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìgbò àti Yorùbá ló wà ní Bàríga, èdè ta la máa lò?" Òótọ́ ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí wọ́n ń nà torí èdè ìyá rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kejì: pé Ọlọ́run ò gbọ́ èdè ilé wọn. Ìyẹn ò sí nínú Bíbélì kankan.

15/ Ìjọba ò sì ní bá wa ṣe é. 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e.

16/ Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ̀ọ̀kan gbàdúrà ní èdè ilé ẹ̀. Ẹ bi í pé kí lohun tó há sórí yẹn túmọ̀ sí. Ẹ jáwọ́ nínú owó ìtanràn. Ẹ sì rántí Kúdẹtì: ìwà yín lọmọ ń kà ju ìwé lọ.

17/ Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àmọ́ ẹni tó ń pẹ̀ka kì í gé gbòǹgbò. Ẹ̀yin ńkọ́? Èdè wo lẹ kọ́kọ́ fi gbàdúrà tó yé yín? Mò ń ka èsì yín.