LÁTI KÚDẸTÌ DÉ MÓLÉTÉ: ILÉ Ẹ̀KỌ́ ÀWỌN ÌYÁ WA

Nínú ayọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, kò yẹ kí àwa gbàgbé ibi tí a ti kọ́ àwọn ìyá Ìjọ ní ìwé.

Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá gbé ní Ìbàdàn, wọ́n sì kọ́ ilé sí Kúdẹtì. Inú ilé náà ni wọ́n gba àwọn ọmọ sí. Yéjídé àti Akínyẹlé arákùnrin rẹ̀ wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń kọ́ ìwé, orin mímọ́ àti aṣọ rírán. Nígbà tí Ogun Ìjàyè sé ọ̀nà etí òkun ní ọdún 1860, owó ẹyọ tán, oúnjẹ sì di ọ̀wọ́n. Tọkọtaya náà ta nínú ẹrù ilé wọn kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ náà.

Ní ọdún 1869 tí Anna fi Ìbàdàn sílẹ̀, ní ọdún náà gan-an ni C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1899, Kúdẹtì ní tirẹ̀. Ní ọdún 1950 a so méjèèjì pọ̀, wọ́n di St. Anne's, Mólété.

Ẹ̀yin ará, bí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa bá jókòó sílé nítorí àìsí owó ilé ẹ̀kọ́, kí ni àwa lè tà nítorí rẹ̀?